Garawa Tó Bì Mí Ṣubú, àti Kẹ̀kẹ́ Ìrànwú Ìyá Ọkọ Rẹ

Lómè, òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀

Àyọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo kí ìyá ọkọ rẹ ní kíkí tó gùn ju tẹ̀yin méjèèjì lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ọlọ́run jí mi láàárọ̀ yìí. Mo ti kírun, mo ti gbálẹ̀ iwájú ilé, mo ti mu ògì tí mo fi ọwọ́ ara mi pò, mo sì ti fọ abọ́ rẹ̀. Má rò pé ìkíni lásán ni mo ń kí ọ. Ẹ̀rí ni mo ń kó kalẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní o gbọ́ pé mo ṣubú létí kànga. O ní ìwọ àti ọkọ rẹ ń bọ̀ ní ìparí oṣù láti wá ti ilé yìí pa, kí ẹ sì kó mi lọ sí Àtakpamé. O ní ẹ ti rẹ́ yàrá kan fún mi, ẹ ti tẹ́ ẹní sí i, àti pé bí mo bá dé ọ̀hún, ṣíbí lásán n kò ní gbé mọ́. O wá fi òwe dè é pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Mo ka á. Mo sunkún díẹ̀ (má sọ fún ẹnikẹ́ni). Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo ní: rárá.

O mọ̀ mí. Èmi kì í yí ọ̀rọ̀ po bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ, tí o sì ti ń fi ọwọ́ ìfẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ ìfẹ́ ṣe, n ó jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n kọ gbogbo rẹ̀. Kà á dáadáa. Má fò ó.

Ta ló sọ fún ọ pé mo ṣubú? Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Sàràtù ni, aládùúgbò wa, ìgbà tó wá ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ yín. Kò parọ́. Ó kàn yọ ẹran tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ó wá gbé omi ọbẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí n fún ọ ní ẹran rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ti fa omi. Garawa ti yọ lẹ́nu kànga, okùn wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ gírígírí, mo sì rọ ara sẹ́yìn kí ìwúwo garawa àti ìwúwo mi lè di ara wọn mú. Ọgbọ́n tí arúgbó fi ń fa omi nìyẹn, kì í ṣe agbára. Àfi bí Ìyá Sàràtù ṣe sáré yọ lẹ́yìn mi.

“Yéè! Bàbá Àyọ̀kẹ́! Ẹ̀yin lẹ tún ń fa omi, nígbà tí àwa ṣì wà láyé?”

“Ìyá Sàràtù, fi mí sílẹ̀, ó ti jáde tán.”

“Kò ṣeé gbọ́! Kí ayé ní mo dúró, mo ń wò yín?”

Ló bá já garawa gbà. Ohun tí mo rọ ara lé kò sí mọ́, Àyọ̀kẹ́. Mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, omi náà sì dà lé àwa méjèèjì lórí. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń bẹ̀ mí.

Mo ní, “N kò bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gba garawa, ṣé o kò kúkú gba èmi náà mú ni?”

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín jábọ́ sínú kànga. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ fẹ́ ìyàwó kékeré, kí ẹ yéé bá wa du kànga.” Mo ní, “Ìyàwó tí yóò tún máa já garawa gbà lọ́wọ́ mi? Èyí tó ṣe mí lónìí ti tó.”

Ìdí dùn mí díẹ̀, ó sì ti lọ. Nítorí náà, gbọ́ mi: ọjọ́ orí kọ́ ló gbé mi ṣubú. Ọ̀wọ̀ ni.

Àwa Yorùbá, ibi yòówù ká wà, a kì í rí àgbà tó ru ẹrù ká má gbà á. Àṣà rere ni, ìyá rẹ ló kọ́ ọ, inú mi sì dùn pé o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe rí fún èmi tí wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ti ọjà dé pẹ̀lú agbọ̀n mi, ọmọ Ọ̀fà kan á gbà á lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá di omi sínú bùtà, ẹlòmíì á gbà á. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mi, ọ̀pá ìtilẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, bí wọ́n bá sì rí i ṣe, wọn ì bá gba ìyẹn náà. Gbogbo wọn ló ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn mi, gbogbo wọn ló sì ń gba ohun tí n ó fi gbé ẹ̀mí náà ró lọ́wọ́ mi. Ó yá, jẹ́ kí n tò ó fún ọ.

Èkíní. Kọ́ ohun tí o kò mọ̀ kí ó tó di dandan.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, èmi tí mo ti tọ́jú sítọ́ọ̀ àwọn oníṣòwò òyìnbó láti ayé àwọn Jámánì, tí mo mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà nínú rẹ̀, n kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara mi. Iṣu tí mo kọ́kọ́ sè jóná nísàlẹ̀, ó tutù láàárín. Nígbà tí mo ń fọṣọ, mo da búlúù sí bùbá funfun mi títí ó fi dà bí òkun ọ̀sán gangan. Àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá, Ọlọ́run á san án fún wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá rọrùn fún wọn ni ebi gbọ́dọ̀ máa pa mí. Èmi kò lè fara da ìyẹn. Mo lọ bá Ìyá Sàràtù, mo ní, “Kọ́ mi ní ọbẹ̀.”

“Bàbá, ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ yìí?”

“Kọ́ mi. Lónìí. Mo ti ra ẹja dání.”

Ó kọ́ mi. Nígbà tí mo dá èyí tèmi sè, ó tọ́ ọ wò, ó wojú ọ̀run, ó ní, “Ẹ gbà mí, ṣé iyọ̀ ló wà nínú ọbẹ̀ yìí ni, àbí ọbẹ̀ ló wà nínú iyọ̀?” Lónìí òun náà máa ń wá bu lára ọbẹ̀ mi. Bí o bá kà á fún un, á jiyàn.

Nítorí náà, kọ́ ọkọ rẹ ní oúnjẹ sísè báyìí, nígbà tí kò pọn dandan, tí ẹ ṣì lè fi rẹ́rìn-ín. Kí ìwọ náà mọ bí a ṣe ń tún òrùlé ṣe, kí o mọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí ọkọ rẹ bá ní “fi sílẹ̀, mo ti ń ṣe é,” sọ fún un pé bàbá rẹ ní kí ó jẹ́ kí o ṣe é lójú rẹ̀. Ilé tí òpó kan ṣoṣo gbé dúró, ọjọ́ tí òpó náà bá lọ ni ilé lọ.

Èkejì. Ẹrù tí a kò bá yí, kòkòrò á yí i fún wa.

Ní kíláàsì ìṣòwò tí mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà èwe mi, ohun tí olùkọ́ wa fi ń dá wa lóró nìyí: kí ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sókè, kí ẹ gbé ti òkè sísàlẹ̀, lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé oníbàárà kankan kò wá. Mo máa ń bínú nígbà náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọ̀la náà ń bọ̀. Ó di ọjọ́ kan tí mo fa àpò ìsàlẹ̀ jáde, tí àgbàdo inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun lọ́wọ́ kòkòrò. Láti ìgbà náà ni èmi àti “ọ̀la” kò ti jọ rìn mọ́. Ara pẹ̀lú, ẹrù ni.

O rántí Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń gbé ọ léjìká lọ sí etíkun lọ wo àwọn ọkọ̀ òkun? Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ra àga ńlá kan fún un lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń lọ sílé, àga onítìmùtìmù, wọ́n gbé e sí ìyẹ̀wù, wọ́n ní, “Bàbá, iṣẹ́ yín parí.” Omi ń wá bá a. Oúnjẹ ń wá bá a. Fìlà rẹ̀ ń wá bá a. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, iṣẹ́ ti parí. Ọkùnrin tí a jọ máa ń rìn kọjá ọ̀sà títí dé oko Tokoin bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kírun.

Mo lọ kí i. Kí a tó kíra tán mo ní, “Làmídì, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo ní, “N kò pè é. Ọ̀dọ̀ ìwọ ni mo wá. Dìde, lọ bu omi fún àlejò rẹ.”

“Ṣé orí rẹ pé ṣá? O kò rí ẹsẹ̀ mi ni?”

“Mo rí i. Méjì ni. N ó dúró.”

Ọmọ rẹ̀ àgbà yọ sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n. “Bàbá, ẹ má bínú, bàbá wa kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.”

Mo ní, “Òótọ́ lo sọ. Kì í sì í ṣe ère. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o lè tètè mú un bí ó bá yẹ̀. Má fọwọ́ kàn án bí kò bá yẹ̀.”

Àyọ̀kẹ́, bí ó ṣe di apá àga mú, tó dìde, tó ń gbọ̀n, tó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ dé ìdí ìkòkò, èébú tó ń bú mi lọ́nà kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà ọmọ ẹni. Omi inú ife kò pé ààbọ̀ nígbà tó dé ọwọ́ mi. Mo mu ún. Mo ní, “Òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni òùngbẹ ń gbẹ mí nílé Làmídì. Ó ti ń rìn dé ẹnu géètì báyìí. N kò sọ pé ó ti padà sí bó ṣe wà. Ohun tó lọ kò ní padà tán, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ kí ó lọ.

Ẹ̀kẹta, kí o má baà rò pé agídí ló ń dà mí láàmú. Mo mọ̀ pé mo ti dàgbà. Orúnkún mi máa ń sọ fún mi kí n tó lajú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣubú yẹn, kí ẹrẹ̀ tó gbẹ lára aṣọ mi ni mo ti pe bíríkìlà. Ó ti to òkúta pẹlẹbẹ sí ẹnu kànga kí ibẹ̀ má yọ̀ mọ́. Mo ti so kókó sí okùn, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. Garawa kékeré ni mo ń lò báyìí. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì súnmọ́ ilẹ̀kùn, mo ti kó gbogbo ohun tó lè kọ́ mi lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Èmi àti Ìyá Sàràtù sì ti ṣe àdéhùn. Bí mo bá ti ṣe àlùwàlá òwúrọ̀ tán, n ó gbé bùtà mi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níta, níbi tí yóò ti rí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò rí bùtà, kí ó wọlé láìkànkùn. Bí ó bá rí bùtà, kí ó jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Ó tiraka púpọ̀ láti fi gbólóhùn “ẹ jẹ́ kí n kàn máa bá yín pọnmi” há a láàárín. N kò gbà.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ẹ̀kẹta náà ló ń bá a lọ, mi ò mọ̀ mọ́. Mọ ìyàtọ̀ láàárín kí o ràn ènìyàn lọ́wọ́ àti kí o lé e kúrò. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi, ó ràn mí lọ́wọ́, n ó sì rán bọ́tìnnì mi fúnra mi. Ẹni tó bá gba aṣọ náà lọ rán, ó ti lé mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ aṣọ ara mi. Nítorí náà, béèrè. “Ṣé kí n bá yín gbé e?” Kí o wá dákẹ́ títí wọn yóò fi dáhùn. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni.

Ó wá kan ìyá ọkọ rẹ.

Nínú lẹ́tà rẹ, o fi ayọ̀ kọ ọ́ pé láti ìgbà tí o ti wọlé, o ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, o ti gba ìdáná, o sì ti gbé kẹ̀kẹ́ ìrànwú wọn lọ sórí àjà kí ìka wọn lè sinmi. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan náà, o ṣàròyé pé ìyá ń bínú láìnídìí, pé wọn kì í jẹun tán, pé wọ́n ní àwọn ń padà lọ sí abà. Ìwọ ọmọ mi tó gbọ́n, o kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, o kò sì rí i pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n?

Obìnrin tó ti ń ran òwú láti ọmọdé, tí àwọn ahunṣọ ìlú yẹn mọ òwú rẹ̀ láàárín òwú, o ní kí ó jókòó kí ó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. O já garawa gbà lọ́wọ́ wọn, Àyọ̀kẹ́. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n wà yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èmi rí ẹni bá rẹ́rìn-ín.

Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀. Dìde. Lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, nu eruku rẹ̀, kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn. Má sọ pé tó bá di ìrọ̀lẹ́. Báyìí. Mo wà níbí.

Ṣé o ti dé? Ó dáa.

Báwo lo ṣe sọ ọ́? Bí o bá sọ pé “ẹ máa fi ṣeré,” padà lọ tún un sọ. Àgbà máa ń mọ iṣẹ́ ẹ̀tàn, ó burú ju àìníṣẹ́ lọ. Sọ pé, “Ìyá, a nílò òwú.” Kí ó sì jẹ́ òótọ́: fìlà mi ti gbó, mo fẹ́ kí wọ́n fi òwú ọwọ́ wọn hun aṣọ tí n ó fi rán òmíràn. Sọ fún wọn pé èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, àti pé ẹni tí kò ní sùúrù ni mí. Ìgbálẹ̀ náà, dá a padà. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́ tó bí o ṣe fẹ́, wo ibòmíràn.

Mo ń parí rẹ̀ báyìí. Ẹ má wá ti ilé mi pa. Yàrá tí ẹ rẹ́, ẹ ṣeun, ẹ má kó àgbàdo sí i. N ó lò ó bí àlejò. Ọjọ́ tí n kò bá lè gbé bùtà mi síta mọ́, èmi fúnra mi ni n ó ránṣẹ́ sí ọ, n kò ní dúró de ẹnu Ìyá Sàràtù. Ní ọjọ́ náà, n ó mu ọmú ọmọ mi, n kò sì ní tijú. Òótọ́ ni òwe rẹ. Ṣùgbọ́n òkété a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ọmú náà, Àyọ̀kẹ́. Ìwọ ni kí o má fi ìkánjú gbé e. Ní gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó fara balẹ̀.

Bí ẹ bá ti kórè òwú, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí yín. N ó ru agbọ̀n kan: ẹja gbígbẹ etíkun Baguida fún ọ, àgbọn fún ọkọ rẹ, ọṣẹ rere fún ìyá. Mo mọ̀ pé wàá ti dúró ní lagáà, ibùdókọ̀ ojú irin, kí rélùwéè tó fọn fèrè. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ yóò nà jáde fúnra rẹ̀, torí ìyá rẹ tọ́ ọ dáadáa. Fà á sẹ́yìn. Kúnlẹ̀ kí mi, dìde, kí o wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí èjìká rẹ ti lè kan tèmi bí ọ̀nà bá gùn.

Agbọ̀n á wà lórí mi. Ìwọ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń lọ sí kànga báyìí, kí Ìyá Sàràtù tó sáré débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.